Róòsì Tó Gba Abẹ́ Fẹ́ǹsì Kọjá

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í kan ilẹ̀kùn wa. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ, orí fẹ́ǹsì ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù. Ẹni tó bá bá a pàdé ló ni ín. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ wọn ni ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn. Agbẹ̀bí ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó àbúrò wọn, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n. Ọkọ mi tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà kì í pè wọ́n ní nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn wọ́n, á fi àgbọ̀n júwe ògiri, á ní, "Àwọn tọ̀hún."

Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Ògiri kan ló pín in sí méjì, ilẹ̀kùn méjì ló kọjú sí títì, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo ló ní nígbà tí mo wọlé ọkọ. Aláago ni ọkọ mi. Yàrá iwájú ló ti ń tún ago ṣe, tí yóò ki awò kékeré bọ ojú kan, tí yóò di ojú kejì, tí yóò máa fi ẹ̀mú tín-ín-rín kó irin tí kò ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ. Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa nìyẹn. Iṣẹ́ tó gba ọkàn rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé: róòsì.

Bí ẹ ò bá mọ róòsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí òun náà ṣe sọ ọ́ fún mi, kó tó sọ ọ́ títí tó fi sú mi. Èyí tí gbogbo èèyàn ń gbìn sẹ́nu ọ̀nà, tó ń tanná láti ìgbà tí oòrùn bá ti mú títí di ìgbà tí igi bá ń wọ́wé, ẹlẹgẹ́ ni. Òtútù gidi kan ṣoṣo tó bá mú un, ó di igi ìdáná. Èyí tó ń hù lórí òkè, láàárín òkúta, kò ka òtútù sí. Yìnyín á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, á tún jí, á gbọn ara nù bí ajá tó jáde lómi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń tanná, kì í sì í pẹ́. Bó o bá ní o fẹ́ lọ wọ bàtà kó o tó lọ wò ó, ó ti rẹ̀ dànù. Ohun tí ọkọ mi ń wá ni ọmọ tó máa ní egungun bàbá àti ẹ̀rín ìyá.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kí òdòdó ìyá tó là, á ti já ewé pupa rẹ̀ sílẹ̀, á fi ẹ̀mú iṣẹ́ ago yọ gbogbo akọ inú rẹ̀, kó má bàa gbé ara rẹ̀ lóyún. Á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba àtíkè tó ń bọ́ lára akọ róòsì òkè, á fi pa ìyá lórí, á fi àpò bébà bò ó kí kòkòrò má bàa wá da ọ̀rọ̀ rú. Tí èso bá pọ́n, á là á, á kó hóró rẹ̀ sínú yanrìn tútù, á gbé e sínú fíríìjì wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà, nítorí hóró róòsì tí kò bá kọ́kọ́ rí òtútù kì í jí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da yanrìn róòsì sínú ọbẹ̀ rí. Ohun tó dùn ún ni pé yanrìn náà ìbá ṣòfò.

Ọdún tó lọ wá róòsì òkè yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá wọn ń ṣàìsàn lọ́dún náà, àmọ́ ara wọn ti ń yá díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ní ìgbà tí róòsì náà ń tanná ló dé yẹn, pé bí kò bá lọ báyìí, òun ò ní dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Ìyá náà ní kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kó má lọ. Ó lọ. Fóònù kì í mú lórí òkè yẹn. Ọjọ́ tó padà dé, ó gbé igi náà lọ́wọ́, ó fi aṣọ tútù wé e láti gbòǹgbò dé ọrùn. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí nìyẹn?"

"Róòsì ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí i. Màmá ńkọ́?"

"Gbé e wọlé," Ẹ̀gbọ́n wí. "Tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ti ṣófo."

Èmi wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹkún ló sun nígbà náà, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sunkún. Ọjọ́ tí a sin ìyá, tí àwọn èèyàn ti túká, tí a ń kó àwo nílẹ̀, ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bi wọ́n bóyá wọ́n á mu omi: "Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn wọlé ayé. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbé àwo tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú káfíńtà wá, ó fi fẹ́ǹsì pákó la ẹ̀yìnkùlé náà láàárín gbùngbùn, láti ara ògiri ilé títí dé òpin ilẹ̀. Ìdajì tí yàrá ìyá wà bọ́ sọ́dọ̀ wọn. Igi róòsì bọ́ sọ́dọ̀ wa.

Ọdún gorí ọdún. Ọkọ mi fi àtíkè òkè pa róòsì ilé lórí. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ jọ bàbá wọn bí ìmúmú: wọ́n le bí irin, wọ́n tanná lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ó ní kí n má bínú, pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ò kú nínú wọn, ó kàn fara pamọ́ ni, ó di ọmọ-ọmọ kó tó yọjú. Mo ní ta ló ń bínú? Ó tún fi àtíkè àwọn ọmọ náà pa róòsì ilé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yàgàn. Àwọn tó so, ọmọ wọn ò níyè nínú: àmì dúdú bo ewé wọn, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń kú. Ó ń fà wọ́n tu, ó ń sun wọ́n, ó ń tún òmíràn gbìn. Òórùn èéfín wà nínú aṣọ ìkélé mi títí.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan dúró. Igi kúkúrú kan ni, ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀ débi pé o ò ní ríbi fọwọ́ mú. Ó pè é ní Olóríkunkun nítorí pé ó fẹ́ fà á tu nígbà tó ṣì kéré, igi náà sì kọ̀, ó fi ẹ̀gún ya á lọ́wọ́. Ọdún tó kọ́kọ́ tanná, òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú ẹnu ọmọ ológbò. Ó tan, ó rẹ̀. Ọkọ mi káwọ́ lérí, ó ní ìyẹn náà tún nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi tún yọ. Ó tún yọ. Ó ń yọ lọ títí igi mìíràn gbogbo fi wọ́wé tán. Òtútù ọdún náà pa ẹja nínú odò. A ò bo igi yìí. Nígbà tí ilẹ̀ yọ́, èéhù tuntun ti wà lára rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ọkọ mi jó nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo fọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n Olóríkunkun gba ìwà kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ kó gbà. Gbòǹgbò róòsì òkè máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, á lọ yọ èéhù síbi tó bá wù ú. Kò mọ fẹ́ǹsì. Ó wọ ọgbà kábéèjì Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn!" Ohùn Ẹ̀gbọ́n dé kí èéhù tó dé. "Ọmọ yín tún ti wá jalè!" Wọ́n á gé e, wọ́n á jù ú padà. Nígbà mìíràn á balẹ̀ sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Wọ́n á wá da omi gbígbóná àti iyọ̀ sójú ibi tó ti yọ.

Ọkọ mi náà á nàgà sára pákó. "Ẹ máa gé e lọ. Ẹ̀gún ló máa bá yín sọ̀rọ̀."

Ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gún kan wọ Ẹ̀gbọ́n ní ìka, ó kẹ̀, ọwọ́ náà wú dé ọrùn ọwọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ojú títì wá, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí. Àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n wá gba ago wọn. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ oníbáńdéèjì sókè sí ojú gbogbo wọn.

"Ọwọ́ tó gbà ọ́ nínú ìyá rẹ nìyí," wọ́n sọ fún ọkọ mi. Òótọ́ ni, ọmọdébìnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n bí i, àwọn ni wọ́n fi aṣọ gbà á. "Wò ó dáadáa. Bí igi rẹ bá tún fi orí jáde lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe omi gbígbóná ni màá dà sí i mọ́. Oògùn tó ń pa koríko ni màá dà, màá dà á sídìí fẹ́ǹsì, á sì wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ."

"Ẹ ò lè dán an wò."

"Èmi? O mọ̀ mí?"

Wọ́n lọ. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀. Igun ọ̀hún, níbi tí oògùn wọn ò ní dé."

"Nínú oòrùn yìí? Pẹ̀lú òdòdó lórí? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ fún mi pé ìgbà tí igi bá sùn ni wọ́n ń ṣí i nípò?"

"Ìwọ náà ti wá mọ róòsì jù mí lọ?"

Mo yà fún un. Ẹni tí inú ń bí, bó o bá ní iná ń jó aṣọ rẹ̀, á ní ìwọ lo dá a. Ó gbẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò náà jìn ju bó ṣe rò lọ. Ó tẹ ṣọ́bìrì mọ́ ọn, gbòǹgbò kán, ó dún bí egungun. Ó gbìn ín sí igun, ó bomi rin ín, ó fi àpò bò ó kí oòrùn má pa á. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ewé rẹ̀ ti ká jọ. Nígbà tó yá, igi náà dúdú láti òkè wá sísàlẹ̀. Kò ní èkejì. Ó ti gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn rí, wọn ò ta gbòǹgbò. Ó ti lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn rí kó lè máa hù níbẹ̀, òtútù pa ìdí igi náà, òun náà bá a lọ.

Ọjọ́ tó rí i pé ó ti kú tán, ó lọ sídìí fẹ́ǹsì. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo fèrèsé àdúgbò ló ṣí. Ó figbe ta: "Ẹ ti pa á! Inú yín dùn báyìí? Ẹ tún ti pa ìkejì!"

Mo dúró kí n gbọ́ èsì. Èsì ò wá. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kí ọ̀rọ̀ kọjá fẹ́ǹsì yẹn kó má padà. Ó dẹ́rù bà mí ju èébú lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wa di ilé odi. Ago tí wọ́n kó wá ń jókòó lórí tábìlì láìsí ẹni tó ṣí wọn. Bí mo bá ní kó jẹun, á ní kí n má pariwo. Mo ní ta ló pariwo? Á ní, "Kí lò ń ṣe lọ́wọ́ yìí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra gbogbo ohun tó ń hù nínú ilẹ̀, títí kan àlùbọ́sà.

Èmi ni mo rí i. Mo ń nu fèrèsé òkè, ibi tí èèyàn lè ti wo ẹ̀yìnkùlé méjèèjì. Lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn táǹkì omi, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ìyá wọn kú sí, èéhù kan dúró tó ti ga dé àyà èèyàn. Òdòdó kan wà lórí rẹ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún ojú mi nù. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé láti gé e. Wọ́n ti gún igi tì í, wọ́n sì fi báńdéèjì so ó mọ́ igi náà kí atẹ́gùn má ṣẹ́ ẹ.

Mo pe ọkọ mi. Ó wò ó títí.

"Ṣé ọmọ rẹ̀ ni?" mo bi í.

"Kì í ṣe ọmọ. Ara gbòǹgbò ló ti yọ. Òun gan-an ni. Òun náà nìyẹn."

Mo ní kó lọ kan ilẹ̀kùn, kó bẹ̀ wọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ jẹ gíláàsì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tó rò pé Ẹ̀gbọ́n ti lọ sọ́jà, ó gbẹ́ ihò sábẹ́ fẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ó dojú bolẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká, ó ń fi ìka wá gbòǹgbò. Àgbàlagbà tó ní irun funfun. Mo jókòó sórí korobá tí mo dojú rẹ̀ dé, mò ń wò ó. Bó ṣe ń wá a kiri bẹ́ẹ̀ ni ariwo kan já lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fi bàtà rọ́bà tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀.

"Ta ló ni ọwọ́ yìí?" a gbọ́ ọ láti òdìkejì.

"Ẹ mọ ẹni tó ni ín."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Olè ni mo mọ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀."

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará àdúgbò! Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ Àwọn Tọ̀hún, òní ni mo di Ẹ̀gbọ́n. Àṣé ẹsẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ tí a sin ìyá wa. Jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ báyìí, kí n gbé ẹsẹ̀."

Ọkọ mi fi iwájú orí lélẹ̀. Ẹrẹ̀ wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó sọ ọ́, kó ṣáà sọ ọ́. "Kí ni mo sọ tí kì í ṣe òótọ́?" ni ohun tó jáde.

Ẹsẹ̀ náà kúrò. "Ó dáa," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀la ni màá gbé omi kaná."

Mo dìde lórí korobá, mo bọ́ aṣọ ìkélé mi, mo gba ojú títì lọ sọ́dọ̀ wọn. Mi ò wọ ilé yẹn láti ìgbà tí káfíńtà ti wá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyàwó. Ṣé òun ló rán ọ?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ mi ló rán mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọ́n."

Wọ́n yà fún mi síbẹ̀síbẹ̀. Gbogbo nǹkan mọ́ kedere nínú ilé náà, ó mọ́ bí ibi tí kò sí ẹni tó ń gbé. Nínú yàrá ìyá, bẹ́ẹ̀dì onírin náà wà níbi tó wà, wọ́n tẹ́ ẹ gbọọrọ. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, ibi tí mo dúró sí, róòsì náà hàn gan-an. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa rí i.

"Ẹ má pa á, Ẹ̀gbọ́n," mo wí. "Kì í ṣe nítorí ọkọ mi. Èmi ni mo máa bá a gbé bí igi náà bá kú."

"Ìyẹn ló yẹ kó o rò kó o tó fẹ́ ẹ."

"Ẹ ò rí i bí ó ṣe rí? Kò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ìyá wa ń kú?" Wọ́n jókòó sórí àga, ọwọ́ wọn méjèèjì lórí itan. Ọ̀rọ̀ wọn le, ṣùgbọ́n ohùn wọn lọ sílẹ̀. "O mọ ohun tí Màmá ń sọ? Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ọ̀sán, òru. 'Ṣé ó ti dé?' Mo ní ó ti dé. Mo ní ó wà ní yàrá kejì, ó ń tún ago Bàbá ṣe, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa gbọ̀n ni kò fi lè wọlé wá. Màmá ní àwọn ò gbọ́ ìró. Ni mo bá lọ sí yàrá kejì, mo gbé ago ńlá yẹn kalẹ̀, mo jókòó tì í, mo ń fi ṣíbí kan irin rẹ̀. Kan, kan, kan. Mo gbọ́ tí Màmá rẹ́rìn-ín. Èmi agbẹ̀bí, tí mi ò fi aláìsàn sílẹ̀ rí, mo jókòó sí yàrá kejì, mò ń lu ṣíbí. Ìgbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nítorí rẹ̀. Òun ló wá sọ fún mi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúró."

Mo na ọwọ́; wọ́n gbá a dànù.

"Má fi ọwọ́ kàn mí. Bó o bá sọ ọ́ fún un, màá mọ̀."

Mo sọ ọ́ fún un. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ sí? Mo dúró tì í nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i. Kò gbé ojú sókè. Ó yọ awò kúrò lójú, ó dà á dé sórí tábìlì. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó jáde sí títì láìwọ bàtà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn kejì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, mo lè rí àwọn méjèèjì.

"Kí lò ń wá?"

"Mo wá tọrọ àforíjì."

"Nítorí ìyá wa ni, àbí nítorí igi?"

Ó yẹ kó purọ́. Ẹnikẹ́ni tó ní orí pípé ì bá purọ́. Ọkọ mi ronú sí i. "Igi ló gbé mi dìde," ó wí, "àmọ́ bí mo ṣe ń—"

Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Omi gbígbóná ò wá ní ọjọ́ kejì, kò sì wá lọ́jọ́ kẹta. Ohun tó wá ni ohùn Ẹ̀gbọ́n lórí fẹ́ǹsì, èmi ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. "Ìyàwó! Sọ fún onísuúrù ọkọ rẹ pé kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan igi yìí títí òtútù fi máa dé. Ẹni tó fa oyún yọ nínú oṣù kẹrin kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkejì. Bí mo bá tún rí ihò, ọwọ́ ni màá gé, kì í ṣe èéhù."

Títí igi fi wọ́wé, ọkọ mi ń jókòó sí fèrèsé òkè bí ẹni ń ṣọ́ ọjà. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n á jáde, wọ́n á sá àwọn aṣọ ìnura wọn sára róòsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó lè rí wọn. Ọkọ mi á máa pa eyín keke. Ìgbà tí kò bá sí níbẹ̀, mo ti rí wọn tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sí ìdí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan tí ilẹ̀ ti ń dì, wọ́n pè mí. "Ìyàwó, gbé ṣọ́bìrì rẹ wá. Ìwọ nìkan."

Èmi tí mi ò gbẹ́ ju ilẹ̀ àlùbọ́sà lọ, èmi ni mo kúnlẹ̀ sídìí róòsì, tí Ẹ̀gbọ́n dúró lé mi lórí. Ọkọ mi wà lójú fèrèsé òkè, ó ń na ọwọ́ sí mi, ó ń ṣe bí ẹni ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà.

"Má wò ó," Ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi ni kó o gbọ́. Gbẹ́ yí i ká. Má fà á! Ta ní kó o fà? Ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Rọra. Dúró. Báyìí, gbé e."

Ó jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ lára, gbòǹgbò rẹ̀ pé. Mo ti ń yọ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n yọ ọ̀bẹ nínú àpò, tí wọ́n sì là á láàárín, láti orí ìdí títí dé gbòǹgbò, kí n tó la ẹnu. Ariwo tó jáde lójú fèrèsé òkè, ajá àdúgbò dá a lóhùn.

"Ìdajì tirẹ̀ nìyí," Ẹ̀gbọ́n wí, wọ́n jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. "Ìdajì tèmi nìyí. Kì í ṣe òun nìkan ló jìyà lórí rẹ̀."

Mo gbé ìdajì wa wọlé. Ọkọ mi ti sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà gún régé. Gbòǹgbò àti èéhù wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà. Òun fúnra rẹ̀ ì bá má là á dáadáa tó bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó gbìn ín. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó lọ sídìí fẹ́ǹsì, ó fi ẹnu kan pákó.

"Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́."

A gbọ́ ṣọ́bìrì Ẹ̀gbọ́n tó ń wọ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò dúró.

"Ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́. Mi ò ní mo gbà."

Òtútù ọdún náà burú, igi méjèèjì sì là á já. Ẹ̀gbọ́n gbin tiwọn síwájú ilé, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí kò sí èèyàn tó máa kọjá tí kò ní rí i. Wọn ò yéé bá ọkọ mi jà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìjà náà ti wá ní orí ọ̀rọ̀: ọkọ mi á ní kí n sọ fún wọn pé ẹ̀ka tó kọjú sínú ni kí wọ́n gé, wọ́n á ní kí n sọ fún un pé wọ́n ti gba ọmọ tó le ju ìyẹn lọ láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Èmi ni mò ń rìn láàárín. Ẹsẹ̀ mi wú.

Nígbà tí róòsì wa ń tanná ìkejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wá láti ọgbà òdòdó ńlá tó wà nínú ìlú. Ó ti gbọ́ pé ẹnì kan ní róòsì tí òtútù ò pa tí kì í sì í yéé tanná. Ó yí igi náà ká, ó fọwọ́ kan ewé rẹ̀. Ọkọ mi ń wò ó bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Ọkùnrin náà ní kò tíì sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àwọn fẹ́ gba ẹ̀ka, àmọ́ ṣé eléyìí nìkan ló wà láyé?

"Ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́," ọkọ mi wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ọkùnrin náà lọ kan ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mo dúró sí, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní ẹ ní róòsì kan."

"Kò sí róòsì níbí."

"Mà, eléyìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín..."

"Igi ẹ̀gún nìyẹn. Oníwàhálà tó ni ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀." Ilẹ̀kùn dún gbàà.

Ọkùnrin náà padà wá, ó ń fọwọ́ pa imú bí ẹni tí ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Ọkọ mi ò bi í bóyá ó fara pa. Ohun tó bi í ni bóyá igi náà ń tanná tó tiwa.

"Hà, ó ń tanná," ọkùnrin náà wí. "Ká sọ òótọ́, ó pọ̀ ju tiyín lọ."

Ojú ọkọ mi fà ro. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi gé ẹ̀ka tó fẹ́ gé, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo jí ní òwúrọ̀, ó ti wà nínú ọgbà, ó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin sí ìdí tiwa.